Ẹ̀jẹ̀ Ríru Inú Ẹ̀kú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru rí. Ibà a máa mú ara gbóná, ikọ́ a máa dún láyà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè máa ru fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹni tí ó ń ṣe má mọ nǹkan kan. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, gẹ́gẹ́ bí ará ìlú gbogbo, fi gbára lé ohun tí nọ́ọ̀sì bá sọ fún wọn ní ọsibítù. Bí ó bá ti ní "ó dára", ọkàn balẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ohun tí ó dára ní ọsibítù ni ó dára ní ilé?

Ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí kì í jẹ́ kí ọsibítù rí ojú òun. Ní ọdún 2002, Thomas Pickering, oníṣègùn kan tí ó ṣiṣẹ́ ní New York, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní orúkọ tí ó jẹ mọ́ ìbòjú. Yorùbá tí ó mọ egúngún kò ní wá orúkọ rẹ̀ lọ sí ibi tí ó jìnnà: ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀kú ni. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún kì í tó 140 lórí 90 ní ọsibítù, ṣùgbọ́n bí a bá wọ̀n ọ́n ní ilé fún ọjọ́ mélòó kan, tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a sì pín in, a ó bá a ní 135 lórí 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí á fi ìyá oníṣòwò kan tí ó ń ná ọjà Ìkẹ́rẹ́ àti Adó ṣe àpẹẹrẹ. Ọjọ́ tí ó bá ń lọ sí ọsibítù kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ó ti lo oògùn rẹ̀ ní ìdájí. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Nígbà tí ó fi kàn án, 128 lórí 80 ni wọ́n bá. Wọn kò bá a dé ìsọ̀ rẹ̀ nígbà tí oòrùn kan àtàrí, tí àwọn onígbèsè ń fi òní dónìí, fi ọ̀la dọ́la. Wọn kò bá a dé orí ẹní ní òru, nígbà tí agbára oògùn ìdájí ti ń tán, tí ìrònú owó ilé-ìwé ọmọ kò sì jẹ́ kí ó sùn. Ó yẹ kí ìfúnpá lọ sílẹ̀ ní òru. Tirẹ̀ kò lọ sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó rò pé ara òun ti dá, ó dá oògùn dúró. Nọ́ọ̀sì kò parọ́ fún un. Wákàtí kan ṣoṣo náà ni kò lè sọ ìtàn ọjọ́ tán.

Ọkàn ènìyàn ń lù tó ìgbà 100,000 ní ojúmọ́ kan. Bí ìfúnpá bá ga, ó dà bí ẹni tí ń gún iyán iṣu tí kò jiná: gbogbo ìgbà ni yóò máa fi agbára kún agbára. Iṣan apá òsì ọkàn, èyí tí ń tú ẹ̀jẹ̀ sí gbogbo ara, a máa nípọn sí i, a sì máa le, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà náà ni ẹni tí ó ti ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìkẹ́rẹ́ láti èwe yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa wú. Kíndìnrín ní tirẹ̀ dà bí asẹ́. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni asẹ́ tín-ín-tìn-ìn-tín tí ó tó mílíọ̀nù kan wà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fi ipá gba inú wọn kọjá, wọ́n á máa bàjẹ́, èròjà tí ń mú ara dàgbà á sì máa bá ìtọ̀ lọ. Èyí tí ó bá kú nínú wọn kì í tún hù. Kíndìnrín tí kò bá sì lè lé iyọ̀ àti omi jáde tó, yóò tún mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i.

Ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2009 ti fi èyí hàn láàrin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà 617 tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti kó bá kíndìnrín wọn. Àwọn 377 nínú wọn ni ìfúnpá wọn dára ní ọsibítù. Nígbà tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá tọ̀sán-tòru, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn 377 yìí ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru lẹ́yìn ọsibítù. Ọkàn tí iṣan rẹ̀ nípọn àti kíndìnrín tí ń jò sì pọ̀ láàrin wọn ju ti àwọn tí ara wọn dá ní tòótọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé ẹ̀yà àbùdá àjogúnbá APOL1 kan, tí ó wọ́pọ̀ láàrin Yorùbá, lè mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́ bí ènìyàn bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ baba àti ìyá. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jogún rẹ̀ ni yóò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí irú wa fi ìfúnpá ṣeré.

Láyé àtijọ́, apá ni àwọn akọni ń so ìfúnpá mọ́ kí ọ̀tá tí wọn kò rí má baà rí wọn gbé ṣe. Apá náà ni a ń so aṣọ ẹ̀rọ mọ́ lónìí, kí á lè rí ọ̀tá tí ó fara pamọ́. Bí agbára ẹnì kan kò bá ká ẹ̀rọ náà, ẹbí tàbí ẹgbẹ́ lè dáwó rà á. Kí ènìyàn kọ́kọ́ tọ̀, kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ ilẹ̀, kí apá rẹ̀ bá ọkàn dọ́gba, kí ó má sì sọ̀rọ̀. Kí ó má jẹ obì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ó ṣáájú. Kí ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì ní àárọ̀ àti lẹ́ẹ̀mejì ní alẹ́ fún ọjọ́ 7, kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì gbé e tọ dókítà lọ. Dókítà ni yóò sọ bí a ó ti lo oògùn, àti bí ó bá yẹ kí á yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò nítorí kíndìnrín. Kí ẹnikẹ́ni má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ nítorí ìwọ̀n ọjọ́ kan.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé náà ni ẹni tí ó fẹ́ pẹ́ láyé yóò ti mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ẹ̀ṣọ́ náà.