Àwọn Bàbá Tó Ń Ṣọ́ Ìlú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Tí wọ́n bá bi mí pé eré wo ni mo fẹ́ràn jù lórí tẹlifíṣàn, àwọn ará ilé wa yóò rò pé Baba Sala ni màá dárúkọ. Rárá o. Dad's Army ni, eré apanilẹ́rìn-ín tí BBC ṣe láti 1968 sí 1977, nígbà tí wọn ò tíì bí màmá mi pàápàá.

Ọdún 2020 ló bẹ̀rẹ̀. Kòrónà ti lé wa kúrò níléèwé, mo wà lọ́dọ̀ bàbá àgbà ní Ọlọ́runṣògo. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń gbé ní London ti kó àwọn CD eré náà wálé tipẹ́, kò sẹ́ni tó wò wọ́n. Ọjọ́ tí dátà mi tán ni mo rántí wọn.

Ogun Àgbáyé Kejì ni eré náà dá lé. Ní oṣù Karùn-ún 1940, nígbà tí ẹ̀rù ń ba àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé Hitler máa sọdá òkun wá bá wọn, ìjọba ní kí àwọn ọkùnrin tí kò sí lójú ogun jáde wá ṣọ́ ìlú. Àgbàlagbà pọ̀ nínú wọn, ìbọn kò sì kárí. Jimmy Perry, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kọ eré náà, wà lára wọn nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún.

Nínú eré, Mainwaring, máníjà báǹkì, ni ọ̀gá. Jones alápatà a máa pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má jáyà, àyà tiẹ̀ ló sì ń já jù. Pike ni ọmọdé àárín wọn, ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kó jáde láì wé súkáàfù mọ́rùn. Godfrey, bàbá jẹ́jẹ́ kan, kì í pẹ́ tọrọ àyè láti lọ tọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ní oṣù Kẹfà, ìròyìn àwọn tí wọ́n ń pa ní Akínyẹlé gba gbogbo Ìbàdàn kan. Bàbá àgbà àtàwọn ẹgbẹ́ wọn mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́de lóru: ṣakabùlà kan, àdá, fèrè, tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ. Èmi ni mo sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé ikọ́ bàbá àgbà ló máa lé olè, kì í ṣe ìbọn. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá jókòó tì mí níwájú tẹlifíṣàn. "Àkànní, túmọ̀ rẹ̀ fún mi." Mo ń túmọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, títí a fi dé ibi tí Godfrey ti jẹ́wọ́ pé òun kọ̀ láti jà nínú ogun 1914. Gbogbo ẹgbẹ́ kẹ̀yìn sí i. Nígbà tí èéfín wá dá Mainwaring kú nínú ilé tí wọ́n ti ń dánra wò, Godfrey yìí ló wọlé lọ yọ ọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé ó gba àmì ẹ̀yẹ akọni nínú ogun ọjọ́sí, nítorí ó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ìjà.

Bàbá àgbà dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń wúkọ́ náà lè ṣọ́ ilé."

Ojú tì mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ ra bátìrì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo tẹ̀ lé wọn jáde. Kò tó wákàtí méjì tí oorun fi gbé mi lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí mo jí, ilẹ̀ ti mọ́, ẹnì kan ti da aṣọ bò mí, àwọn bàbá méjèèje ṣì wà lójúfò. Bàbá àgbà ní èmi ni Pike wọn.

Títí dòní, tí mo bá lọ sílé fún ìsinmi, a jọ máa ń wò ó. Wọ́n ṣì máa ń bi mí bóyá àwọn bàbá yẹn rí Hitler mú.