Àrokò tí N Kò Tètè Kà

Ní ọdún 2009, Kétu ni mo máa ń gbé alùpùpù mi sí kí n tó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Agboyi. Ọ̀rinrin odò kì í jẹ́ kí irin pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó dípẹtà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo tan tírafíkétọ̀ apá òsì láti yà sí Ìkòsì. Àṣé iná iwájú nìkan ló ń ṣẹ́jú, ti ẹ̀yìn ti kú. Dánfó tó fẹ́ gba òsì yà mí sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tan tírafíkétọ̀!" Mo bú awakọ̀ náà padà. Òun ló jàre.

Ríwáyà kan ní kí n ra fláṣà tuntun. Mo rà á, owó gbé. Ni mo bá jókòó tì í fúnra mi. Mo yọ gílóòbù ẹ̀yìn apá òsì, mo fi sí ọ̀tún: ó tàn. A jẹ́ pé gílóòbù kọ́. Mo wá fi wáyà so irin tí iná òsì jókòó lé mọ́ orí bátìrì tó ní àmì àyọkúrò: ó tàn wàì! Ìpẹtà ló dí ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Sáńpépà ni mo fi ha á.

Ohun tó dùn mí ni pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí iná iwájú ti ń ṣẹ́jú wéréwéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé ara rẹ̀ le ni! Bẹ́ẹ̀, báyẹn ni ọ̀pọ̀ fláṣà ṣe máa ń yára bí iná kan bá kú. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní àrokò (kì í ṣe àròkọ o).

Mo ti ta alùpùpù náà kí ìjọba Èkó tó fòfin de ọ̀kadà ní Kosofe lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. N kò rí awakọ̀ yẹn mọ́ kí n bẹ̀ ẹ́.