Iṣẹ́ Amọ̀nà Kò Parí Síbi Àtẹ̀gùn

Láìpẹ́ yìí, mo kó ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan gun Òkè Ìdànrè. Ọmọbìnrin kan nínú wọn jókòó tì mí ní ibùsinmi kẹta, ó ní: "Bàbá, ẹ má bínú o. Àtẹ̀gùn rèé, irin ìdìmú rèé, ọ̀nà ò sì yà. Kí wá ni iṣẹ́ yín gan-an?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Mo fẹ́ fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn bó ṣe yẹ.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí ìlú ṣí kúrò lórí òkè wá sísàlẹ̀ lọ́dún 1923. Bó ṣe gbọ́njú ni bàbá rẹ̀ ti ń mú un padà lọ ṣe orò ilé wọn lókè, títí ó fi mọ gbogbo pàlàpálá àpáta. Nígbà tí àwọn òyìnbó àti àwọn tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo ìlú àtijọ́, òun ni wọ́n ń ké sí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí ẹgbẹ́ bá ti pé, ẹsẹ̀ wọn ló ń wò, kì í wo ojú wọn. Ẹni tó bá rí i pé yóò kọ́kọ́ rẹ̀, òun ni yóò fi síwájú. Ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ á wà lẹ́yìn pátápátá. Mo bi í nígbà kan pé amọ̀nà wo ló ń gbẹ̀yìn. Ó ní ẹ̀yìn ni ẹni tó bá ṣubú lórí òkè ń ṣubú sí. Títí dòní mi ò rí ètò tó dára ju ìyẹn lọ, bí àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí tilẹ̀ ń sáré ṣíwájú àlejò kí wọ́n lè rí wọn yà ní fọ́tò.

Ọ̀pá rẹ̀ ńkọ́? Igi líle ni, ó ga jù mí lọ, alágbẹ̀dẹ sì fi irin ṣóńṣó sí i nídìí. Ẹni tó bá mọ àpáta wa mọ̀ pé ó máa ń bó ní ìpele-ìpele. Lójú, á dà bí odindi, abẹ́ rẹ̀ á sì ti ṣófo. Ọ̀gá mi á fi ọ̀pá kàn án. Èyí tó bá dún kì, a ó tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá dún bí akèrègbè òfìfo, a ó yà fún un. Lójú òjò, irin yẹn là ń gún mọ́ inú ewédò kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Nígbà tí bàbá náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fa ọ̀pá lé mi lọ́wọ́. Èmi ni o, bẹ́ẹ̀ a pọ̀ tí a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó tẹ̀lé ènìyàn pàtàkì kan wá gbà á lọ́wọ́ mi nísàlẹ̀ òkè, wọ́n ní ohun ìjà ni. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n ní kí n padà wá gbà á nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ lẹ́, wọn ò sí níbẹ̀ mọ́, ọ̀pá ò sì sí níbẹ̀. Mo ní kí alágbẹ̀dẹ rọ òmíràn fún mi. Kò dún bákan náà.

Ọdún ń gorí ọdún. Wọ́n tún àtẹ̀gùn ṣe, wọ́n fi irin ìdìmú sí i, ibùsinmi di márùn-ún. Àwọn kan ní àtẹ̀gùn náà jẹ́ 667, àwọn kan ní 682, wọ́n á sì jiyàn rẹ̀ dókè láìwo ẹ̀gbẹ́ wọn. Lọ́dún 2007, Ìdànrè wọ àkọsílẹ̀ àwọn ibi tó ń dúró de oyè ohun àjogúnbá àgbáyé ní UNESCO. Orí ìdúró náà ló ṣì wà. Àjọ̀dún Mare dé, àwọn tó ń fi òkè gígun díje bá a dé. Fóònù wá dé, òun ló ba iṣẹ́ jẹ́.

Nítorí ibi tí àtẹ̀gùn parí sí kọ́ ni orí òkè. Ìlú àtijọ́ ló wà níbẹ̀: ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́, ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ á ya fọ́tò tán níbẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti gun Ìdànrè. Ojú ẹsẹ̀ Àgbóògùn inú ìtàn àtijọ́ wa ṣì wà níwájú. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tí kò sí níbòmíràn láyé wà nínú àpáta yẹn, wọ́n ń tẹ ẹ̀bá rẹ̀ kọjá. Òrìṣà Orósùn, tí à ń ṣe ọdún rẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún, ń wò wọ́n láti òkè rẹ̀ títí wọ́n á fi sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀sùn kan sì wà nílẹ̀ tí wọ́n fi ń bà mí lórúkọ jẹ́. Ẹgbẹ́ kan wá láti Èkó nínú oṣù Kẹrin, wọ́n sanwó pé àwọn fẹ́ dé Òkè Orósùn, kí àwọn sì padà lọ́jọ́ kan náà. Aago mẹ́wàá ni wọ́n tó jí dé. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ojú ọ̀run ṣú ní ìlà-oòrùn, mo ní ká padà. Òjò ò rọ̀. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí, wọ́n ní kí n dá owó padà. Ìlà-oòrùn ni ìjì oṣù Kẹrin ti ń wá, ẹ̀fúùfù rẹ̀ á ti dé kí òjò tó dé, àpáta tó bá sì ti tutù kò mọ ẹni tó sanwó. Ọ̀gá mi ì bá ti dá wọn padà ṣáájú ìgbà yẹn. Gbogbo wọn ló fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọnú bọ́ọ̀sì. N kò dá owó padà, n kò sì ní dá a padà.

Ẹ̀yin tí ẹ óò máa kó ẹgbẹ́ bọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ tètè gbéra, ó pẹ́ tán aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ẹ wọ bàtà tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ mú ilẹ̀ dáadáa, kí olúkúlùkù gbé omi tirẹ̀, kí ẹ sì fi ẹni tó lọ́ra jù síwájú. Tí amọ̀nà bá ní ẹ padà, ẹ padà, kí ẹ sì san owó rẹ̀ pé.