Ọkọ̀ kékeré, àṣírí ńlá: Ohun tí àwọn awakọ̀ Accra ń bá pàdé nínú mọ́tò wọn

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, tó la Kútọnu àti Lomé kọjá, tó sì gba ẹnubodè Aflao wọ ilẹ̀ Gánà, kò ní pẹ́ rí i pé mọ́tò Accra kò rí bíi ti Èkó. Ní Èkó, Corolla àti Camry ló kún títì. Ní Accra, bí èèyàn bá dúró nítòsí oríta ńlá Kwame Nkrumah, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Circle, àwọn ọkọ̀ wẹ́wẹ́ ni yóò máa rí tí wọ́n ń tò kọjá bí ìjàlọ: Daewoo Matiz, Kia Picanto, Kia Morning, Hyundai i10 àti Toyota Vitz. Wọ́n kun igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwọn kan ní àwọ̀ yẹ́lò, kí èrò lè mọ̀ pé takisí ni wọ́n. Àwọn mìíràn kò kun ohunkóhun, orí fóònù ni èrò ti ń pè wọ́n láti ìgbà tí Uber ti dé ìlú náà ní 2016.

Ìdí tí ọkọ̀ kékeré fi gbayì níbẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Epo wọ́n, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kaneshie àti Madina kì í ṣe kékeré, ọkọ̀ tí kì í mu epo púpọ̀, tó sì lè gba àlàfo tóóró kọjá, ni ọkọ̀ tó ń bọ́ ìdílé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yìí ni wọ́n ti lò níbòmíràn kí wọ́n tó dé Gánà. Ohun tí a ń pè ní tòkunbọ̀ nílé ni àwọn ará Gánà ń pè ní “home used”. Òfin ìlú onílùú ni wọ́n tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń ṣe ọkọ̀ náà. Àlejò ni, ó sì gbé ẹrù tirẹ̀ dání wá. Nínú ẹrù yẹn, òmíràn á pa èèyàn lẹ́rìn-ín, òmíràn á gba owó sílẹ̀, òmíràn sì lè gba ẹ̀mí là bí onímọ́tò bá tètè mọ̀ ọ́n.

Sítíárìn tó ṣí nípò

Nígbà ayé àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ òsì títì ni wọ́n ń wa ọkọ̀ sí ní Gánà, gẹ́gẹ́ bíi ti Nàìjíríà. Nàìjíríà yí padà sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, 1972. Gánà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 4, oṣù kẹjọ, 1974, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo àwọn aládùúgbò tó ń sọ èdè Faransé ń gbà. Láti ìgbà náà, sítíárìn ọwọ́ òsì ni òfin Gánà fẹ́, wọn kì í sì í fún mọ́tò tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún ní nọ́ńbà.

Ní Japan, ọwọ́ òsì títì ni wọ́n ṣì ń gbà títí di òní, ọwọ́ ọ̀tún sì ni sítíárìn wọn wà. Vitz tó bá ti Japan wá gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí yóò tú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, kí wọ́n tó gbé sítíárìn sódì kejì. Ó jọ pé Vitz gan-an ti ń retí wọn. Nígbà tí Toyota gbé e jáde ní 1999, lẹ́yìn tí Sotiris Kovos, ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì, ti ya àwòrán rẹ̀, àárín dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fi aago tó ń ka eré sí, kì í ṣe iwájú awakọ̀. Ọ̀tún ni awakọ̀ jókòó ni o, òsì ni o, ojú rẹ̀ á tó aago náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ló máa ń bá sítíárìn lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí onímọ́tò tuntun sábà máa ń rí ni pé ó fẹ́ tan tíráfíkétọ̀ láti yà sí Osu, wáípà ló bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì lójú oòrùn gangan. Nínú ọkọ̀ Japan, ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pá tíráfíkétọ̀ wà, ti wáípà sì wà lósì. Bí wọ́n bá gbé gbogbo rẹ̀ sódì kejì bó ṣe wà, ọwọ́ awakọ̀ ni yóò kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun. Èyí ò ju ẹ̀rín lọ.

Ti iná iwájú kì í ṣe ẹ̀rín. Iná ọkọ̀ kì í mọ́lẹ̀ dọ́gba lápá méjèèjì. Níbi tí wọ́n bá ti ń gba òsì, wọ́n máa ń ṣe é kí ìmọ́lẹ̀ apá òsì lọ jìnnà díẹ̀, kó lè fi ẹni tó ń rìn lẹ́bàá títì han awakọ̀. Gbé ọkọ̀ náà dé Gánà, apá òsì yìí kan náà ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì wà. Onímọ́tò á máa rò pé iná kékeré lòun tàn, kò mọ̀ pé ojú ẹlòmíràn lòun ń fọ́, nígbà tí ẹsẹ̀ títì ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí ọmọ iléèwé ń rìn sí, wà nínú òkùnkùn. Wáípà náà ní tirẹ̀: ojú awakọ̀ Japan ni wọ́n ṣe é láti nù mọ́ dáadáa, nítorí náà igun kan lè máa ṣẹ́ kù lápá òsì tí omi òjò kò ní kúrò. Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kó pààrọ̀ gíláàsì iná iwájú sí èyí tí wọ́n ṣe fún ọwọ́ ọ̀tún títì, kó tó ronú kan ohun ẹ̀ṣọ́ kankan.

Ẹ̀kẹta ni àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń bẹ́ jáde láti gba awakọ̀ lọ́wọ́ ìjàǹbá. Níbi tí wọ́n ti gé dáṣíbọ́ọ̀dù, ó yẹ kéèyàn mọ̀ bóyá wọ́n dá a padà tàbí ihò lásán ló wà níbẹ̀. Bó bá sì wà níbẹ̀, ó ku ọ̀rọ̀ kan. Vitz àti Yaris wà lára àwọn ọkọ̀ tí Toyota pè padà nítorí àpò afẹ́fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe. Ooru àti ọ̀rinrin ló máa ń ba kẹ́míkà inú wọn jẹ́, tó fi jẹ́ pé bó bá bẹ́, irin lè fò jáde lára rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin sì nìyí, ohun tí Accra ní lọ́pọ̀ yanturu. Nọ́ńbà ara irin ọkọ̀ ni wọ́n fi ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì gba àsìkò.

Ohùn obìnrin inú mọ́tò

Bí wọ́n bá ń ṣí àwọn ọkọ̀ Japan kan, ohùn obìnrin kan máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní èdè tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò gbọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ìkìlọ̀ ńlá ni. Ohun tó ń sọ kò ju pé wọn ò tíì ki káàdì bọ̀ ọ́ lọ. Ẹ̀rọ ETC ni, èyí tí wọ́n fi ń san owó ọ̀nà lórí títì márosẹ̀ Japan láìdúró. Ní Accra, kò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe. Mẹkáníìkì lè tú u dànù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ inú ilé sábà máa ń ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí.

Rédíò náà tún ń ya onímọ́tò lẹ́nu. Láti 76 sí 90 ni rédíò FM àtijọ́ ti Japan mọ. Joy FM ìlú Accra wà lórí 99.7, Peace FM tó ń sọ èdè Akan sì wà lórí 104.3. Èèyàn á yí bọ́tìnnì títí, ariwo ṣáá ni. Rédíò ò bàjẹ́ rárá, ibi tí ìlú ń sọ̀rọ̀ sí ni ọwọ́ rẹ̀ ò tó. Ohun kékeré kan wà tí wọ́n máa ń so mọ́ wáyà eríà láti mú àwọn iléeṣẹ́ náà sọ̀kalẹ̀ wá bá a, ó sì dínwó ju rédíò tuntun lọ.

Lẹ́bàá ẹsẹ̀ lápá òsì, ọ̀pá pupa kan lè wà tí wọ́n há mọ́bẹ̀, tó rí bí tọ́ọ̀ṣì tínńrín. Iná ìkìlọ̀ ni. Òfin Japan ní kí ọkọ̀ máa gbé e, kí awakọ̀ lè tàn án fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 bí ọkọ̀ bá dákú lójú ọ̀nà. Ibi tí ẹni tó bá awakọ̀ jókòó ń gbé ẹsẹ̀ sí nìyẹn ní Japan. Lẹ́yìn tí sítíárìn bá ṣí nípò, abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ gan-an ló bọ́ sí. Iná gidi ni, kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé rí i yọ, ẹ má sì tàn án níbi tí epo bá ti ń jò.

Èyí tó lè gba owó sílẹ̀ jù ni bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ọ́ìlì ní Japan. Ọjọ́ àti iye kìlómítà ló máa ń wà lórí rẹ̀. Àwọn ará Japan máa ń ka ọdún nípa ìjọba ọba wọn. Ìjọba Heisei bẹ̀rẹ̀ ní 1989, nítorí náà ẹ fi 1988 kún nọ́ńbà ọdún tí ẹ bá rí: 24 jẹ́ 2012. Bí bébà bá wá sọ pé ọkọ̀ náà ti rin 120,000 kìlómítà ní 2012, tí aago rẹ̀ sì ń ka 78,000 lónìí, ẹnìkan ti fọwọ́ yí aago padà. Kí ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò tọ́jú owó rẹ̀ sápò.

Ti Kòríà, àti ọjà Abossey Okai

Àwọn ọkọ̀ Kòríà kò ní ìyọnu sítíárìn, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún títì ni wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún pẹ̀lú. Ìtàn tiwọn wà nínú orúkọ. Matiz tó jáde ní 1998 wá láti inú àwòrán tí ilé-iṣẹ́ Italdesign ní Ìtálì kọ́kọ́ ṣe fún Fiat. Fiat ò gbà á, Daewoo ló gbà á. Nígbà tó yá, General Motors ra Daewoo, ọkọ̀ kan náà sì ń jẹ́ Chevrolet. Kia Morning àti Picanto náà, Táíwò àti Kẹ́hìndé ni wọ́n. Morning ni wọ́n ń pè é nílé, Picanto ni wọ́n ń pè é lókè òkun.

Ìdí tí wọ́n fi kéré tó bẹ́ẹ̀ ni òfin Kòríà. Láti 2008, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò bá ju 1,000 cc lọ, tí gígùn rẹ̀ kò sì ju mítà 3.6 lọ, ìdajì owó ọ̀nà ló ń san níbẹ̀. Èrè òfin Kòríà ni ará Madina ń jẹ báyìí nílé epo.

Ní Abossey Okai, ọjà páàtì mọ́tò tó lókìkí jù ní Accra, ẹni tó bá mọ̀ pé orúkọ méjì lè jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń rajà dáadáa. Páàtì tó wọ́n lórúkọ kan lè dínwó lórúkọ kejì. Fún Vitz, ohun tí ẹni tó ń ta páàtì fẹ́ gbọ́ kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe é, bí kò ṣe lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ṣáájú nínú nọ́ńbà ara irin rẹ̀. SCP10 ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, KSP90 ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ 1,000 cc ni àwọn méjèèjì. KSP90 àti Matiz tó ní 796 cc, písítìnì mẹ́ta péré ni wọ́n ní. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbọ̀n díẹ̀ bí wọ́n bá dúró sójú kan. Ọ̀pọ̀ ló ti ń wá àìsàn kiri fún ọkọ̀ tí ara rẹ̀ yá.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra èyí tó ti ṣe takisí rí, kó gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè. Àwọn takisí kan ní Accra ń fi gáàsì rìn dípò epo. Bí ihò bóòtù tàbí páìpù tí wọ́n gé bá wà níbẹ̀, ó yẹ kó béèrè ẹni tó tú sílíńdà kúrò àti bó ṣe tú u.

Bọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè

Àwọn àṣírí kan wà tí kì í ṣe ti ìlú kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán epo lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọfà kékeré kan máa ń tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹnu táǹkì wà. Jim Moylan, òṣìṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà, ló dá a lábàá ní 1986, lẹ́yìn tí òjò pa á nílé epo nítorí pé ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ ló páàkì sí. Fún awakọ̀ tó ń gba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣiṣẹ́, ọfà yẹn wúlò lójoojúmọ́.

Bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá kọ̀ láti ṣí láti inú, kí èrò má tíì figbe ta pé wọ́n fẹ́ jí òun gbé. Ẹ wo etí ilẹ̀kùn náà nígbà tó bá ṣí: irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe nítorí ọmọdé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sókè tàbí sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń fúnra rẹ̀ yí jíà, bí bátìrì bá kú, jíà ò ní kúrò ní P. Ihò pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ ki ẹnu kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ẹ sì fa jíà sí N, ọkọ̀ á ṣeé tì.

Òkè Aburi ló ń dán wọn wò

Ìdílé tó bá fẹ́ ṣeré jáde ní Accra sábà máa ń gun òkè Akuapem láti Ayi Mensah lọ sí Aburi, níbi tí ọgbà ewéko tí wọ́n ṣí ní 1890 wà. Èèyàn márùn-ún, kúlà oúnjẹ, ẹ́ńjìnnì 1,000 cc: ọkọ̀ á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n máa ń pa ẹ̀rọ amúlétutù títí wọ́n á fi gun òkè tán.

Sísọ̀kalẹ̀ ni ewu wà. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíréèkì rẹ̀ á gbóná títí tí kò fi ní mú mọ́. Lẹ́tà B, L tàbí 2 wà lára ọ̀pá jíà àwọn ọkọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ló sì ń wò ó lọ́dún mẹ́ta láìbéèrè ohun tó wà fún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ di ọkọ̀ mú, kí bíréèkì lè sinmi. Ibi tó yẹ kéèyàn ti fà á sí i ni orí òkè, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ.

Àwọn òbí wa ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ojú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò: iná iwájú, àpò afẹ́fẹ́, bébà ẹnu ilẹ̀kùn àti lẹ́tà ara jíà. Nǹkan mẹ́rin yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ì báà jẹ́ ní Accra, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, kí ẹ tó sanwó mọ́tò.