Ìràwọ̀ Ńlá àti Àwọn Àbúrò Rẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà láàrin idà Óríónì, ẹni tí a dárúkọ nínú Ìwé Jóòbù. Mo ṣìnà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní àkókò ọyẹ́, nígbàtí ojú ọ̀run mọ́, mo kó àwọn ọmọ jáde sí pápá pẹ̀lú awò ọlójú méjì tí mo yá. Ohun tí a rí níbẹ̀ dàbí èéfín tí kò parẹ́. Ìkùukù afẹ́fẹ́ àti eruku ni. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa rìn tó nǹkan bí 1,300 ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìràwọ̀ mẹ́rin sún mọ́ra wọn nínú rẹ̀. Galileo ti rí mẹ́ta nínú wọn ní ọdún 1617. Èyí tí ó tóbi jù, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Theta¹ Orionis C, wúwo ju Oòrùn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 30, òun ni ó sì ń mú kí ìkùukù náà tàn. Ṣùgbọ́n ìjì ń jáde lára rẹ̀ pẹ̀lú, tí eré rẹ̀ ju 2,000 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tí ó bá ti rí ìyá àgbà tí ń fẹ́ ọkà mọ̀ pé etí ìta ni ìyàngbò ń kó jọ sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìjì yìí ti gbá ààrin ìkùukù náà di òfìfo. Ní ọdún 2019, àwọn tí ó fi awò SOFIA wò ó láti inú ọkọ̀ òfúrufú ròyìn pé èèpo tí ó yí òfìfo náà ká ṣì ń fẹ̀ sí i, ní kìlómítà 13 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bẹ́ẹ̀ ni nínú irú ìkùukù bẹ́ẹ̀, bí ó bá sún kì, ni a ti ń bí ìràwọ̀.

Ọmọkùnrin kan bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ó ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn àbúrò rẹ̀ ni?"

Mo mọ ilé ọmọ náà. Ẹ̀kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni owó kòkó bàbá wọn tán sí, òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ọdún náà. Èmi kò lè purọ́ fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ní ibi tí ìjì náà ti gbá mọ́, kò sí ohun tí a lè fi bí òmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ibi tí ó ń tàn, nínú eruku dúdú tí ojú lásán kò lè là kọjá, a ṣì ń bí ìràwọ̀ títí di òní.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tún tọrọ awò náà.