Báàgì Mẹ́tàlélógún Ìyá Àgbà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ olè. Ọ̀rọ̀ báàgì ni. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ báàgì kò tó gbé sínú ìwé ìròyìn, kí ó kọ́kọ́ lọ ka iye tó so kọ́ sára ìṣó nínú yàrá tirẹ̀ ná.

Òjò ló dá a sílẹ̀. Ilé alámọ̀ tí ìyá tó bí bàbá mi ń gbé ní Awẹ́ ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹbí sì fẹnu kò pé kí Ìyá Àgbà kó lọ sí ilé bàbá mi ní òdìkejì ìlú. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n rí fún wọn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, àpótí aṣọ kan, yàrá ti kún nìyẹn. Ìkòkò àti àwo kò fa ìjà. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan báàgì ni wàhálà dé. Báàgì Ìyá Àgbà jẹ́ mẹ́tàlélógún! Gbogbo ara ògiri ni wọ́n so wọ́n kọ́ sí, bí àdán lórí igi.

Àǹtí mi tó wà ní Èkó ní kí a dáná sun gbogbo rẹ̀. Bàbá mi ní òun ò lè bá ìyá òun fa báàgì mọ́ ara àwọn lọ́wọ́. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí ní Ìbàdàn, pé èmi tí mo ń fi ìwé kíkọ jẹun, kí n wá ṣètò rẹ̀. Mo ra ìwé kan, mo fa ilà sí i, mo pín in sí mẹ́ta: èyí tí a ó mú, èyí tí a ó tà, èyí tí a ó fi tọrẹ. Mo gba ọ̀nà àtijọ́, mo ra ọsàn ní Fìdítì, mo gba Ìlọrà kọjá, mo sọ̀ ní Ọ̀yọ́, mo sì gun ọ̀kadà dé Awẹ́. Èrò mi ni pé nígbà tí yóò bá fi di ìrọ̀lẹ́, mo ti parí.

ÒFIN TÈMI, ÒFIN TIWỌN

Òfin tí mo gbé lọ rọrùn. Báàgì tí awọ rẹ̀ bá le, tí síìpù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí kò hu ebu, òun la ó mú. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí, wọ́n ń bó ọsàn, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń fa síìpù lọ, tí mo ń fà á bọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Akọ̀wé mi, ṣé síìpù ló ń gbé èèyàn lọ sóde ni? Má fìyà jẹ ara ẹ. Bi báàgì léèrè pé, níbo la jọ lọ rí? Èyí tí ò bá lè dáhùn, kó máa lọ.”

Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà rárá.

Mẹ́jọ nínú rẹ̀ jẹ́ báàgì òde, àwọn tí wọ́n fi ń ta àlejò lọ́rẹ níbi òkú àti ìgbéyàwó, tí wọ́n ya àwòrán olóde sí lára. Wọn ò jọ lọ síbì kankan. Láti òde ni wọ́n ti bọ́ sára ìṣó. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ nítòsí ló kó wọn, ó ní wọ́n á wúlò fún àwọn oníbàárà òun.

Márùn-ún jẹ́ awọ òyìnbó, tí wọ́n rà pọ̀ mọ́ bàtà nítorí aṣọ ẹbí. Gbogbo wọn ti bó bí ejò tó ń bọ́ awọ. Ẹ jẹ́ kí n dá dúró díẹ̀ níbí, nítorí owó yín. Irú awọ yìí kì í ṣe awọ ẹran. Aṣọ ni, tí wọ́n da nǹkan bíi rọ́bà lé lórí. Ooru abẹ́ páànù àti ọ̀rinrin òjò ló ń bó o, kò sì sí ṣúmékà tó lè wò ó sàn. Bí ẹ bá fẹ́ ra báàgì, ẹ wo ibi tí wọ́n ti gé e ní etí. Bí ẹ bá rí òwú híhun lábẹ́, awọ òyìnbó ni. Bí ẹ bá rí i tó ṣe wúruwùru bí irun, awọ ẹran ni, ìyẹn ṣeé fi òróró pa, ó ṣeé rán.

Mẹ́rin jẹ́ òkìrìkà tó ṣì dára. A kọ ìyẹn sábẹ́ títà. Mo ń yára lọ. Mẹ́fà ló kù.

ÀPÒ TÓ FI OWÓ PAMỌ́ FÚN OLÓWÓ

Mo já báàgì dúdú kan bọ́ sílẹ̀, tí àpò wà nínú àpò rẹ̀. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sì fa bébà owó mẹ́ta jáde. Ogún náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí Ọ̀gágun Murtala Muhammed sì wà lára rẹ̀. Mo pariwo: “Ìyá, owó rèé o!”

“Owó kẹ̀? Wò ó dáadáa.”

Mo wò ó, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí mo mọ̀. Ọdún 1977 ni bébà ogún náírà kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa Murtala ní 1976. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba Buhari yí àwọ̀ owó bébà padà lójijì, wọ́n sì fún aráàlú ní ọjọ́ díẹ̀ péré láti lọ pààrọ̀ rẹ̀ ní báńkì. Ìyá Àgbà kó gbogbo èyí tí wọ́n rántí jáde. Mẹ́ta yìí ti sá pamọ́ sínú àpò kẹta. Owó gidi ni ọgọ́ta náírà nígbà náà. Ẹ̀yin tí ọ̀wọ́n owó bébà bá lọ́jà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 kò nílò kí n ṣàlàyé bó ṣe ń dunni.

Mo ní ibi tí a ti lè rí i pé báàgì náà le, síìpù rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Ìyá Àgbà ní: “Àpò tó ń fi owó olówó pamọ́ fún olówó, ò bá mi lọ.” Mo kọ ọ́ sábẹ́ títà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni báàgì awọ pupa kan, iṣẹ́ àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́. Ẹ mọ̀ pé Ọ̀yọ́ kò kẹ̀rẹ̀ nídìí iṣẹ́ awọ. Àwọn ni wọ́n ń ṣe tìmùtìmù, àwọn náà ni wọ́n ń ṣe làbà tí àwọn adóṣù Ṣàngó ń gbé kọ́ èjìká, awọ pupa tí wọ́n fi awọ aláwọ̀ mìíràn ṣe ọnà sí lára. Awọ ewúrẹ́ láti ilẹ̀ Haúsá ni wọ́n ń lò jù. Mo mọ̀ pé yóò pawó, mo ti fẹ́ kọ ọ́ sábẹ́ títà. Ìyá Àgbà di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní bàbá bàbá mi ló rà á fún wọn, àwọn sì gbé e lọ ìpàdé ọlọ́jà títí èjìká fi ń dun àwọn. “Ìwọ ni kó o máa gbé e. Awọ ò fẹ́ ìṣó, òde ló ń fẹ́.”

BÁÀGÌ KÙMÁSÍ

Ó wá kan èyí tó burú jù nínú gbogbo wọn. Síìpù rẹ̀ ti kú, okùn ni wọ́n fi so ó pọ̀. Èmi ti kọ ọ́ sábẹ́ dídànù lọ́kàn mi. Ìyá Àgbà gbà á, wọ́n gbé e lé itan.

Kùmásí, ní orílẹ̀-èdè Gánà, ni wọ́n ti ń ta síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge ìyàwó. Ẹ̀yin àgbà inú wa ò ní gbàgbé: ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ jáde láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ rẹpẹtẹ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ẹjìgbò, ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin àti ìlú mìíràn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí.

“Ọjọ́ mẹ́rìnlá!” ni Ìyá Àgbà wí. “Ta ló lè fi ọjọ́ mẹ́rìnlá gba gbèsè ọjà tán? Àwọn tó jẹ mí lówó ti gbọ́ àṣẹ yẹn kí n tó gbọ́ ọ. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n á ní àwọn ò sí nílé. Ọjà tó kù, ẹ̀dínwó la fi tà á. Ọmọ kan wà lẹ́yìn mi, mo fa ìkejì lọ́wọ́. Ọwọ́ kan péré ló ṣẹ́kù, báàgì kan péré lọwọ́ náà sì lè gbé.”

Wọ́n tú okùn náà. Ìwé kan ló wà nínú rẹ̀, ó ti pọ́n bí epo. Ọmọ télọ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ wà ló bá wọn kọ orúkọ àwọn onígbèsè sílẹ̀, nítorí pé wọn ò mọ̀wé. Wọ́n ní kí n kà á. Ènìyàn mọ́kànlá ni, pẹ̀lú iye sídì tí oníkálukú jẹ. Mo ń ka orúkọ, wọ́n ń mi orí. Nígbà tí mo dé ìkeje, wọ́n ní: “Ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn san án. Ọ̀dọ̀ awakọ̀ ló fi rán sí mi.” Wọ́n tún sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹni ìkẹwàá. Méjì nínú mọ́kànlá, àwọn tó mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè wá bi àwọn mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tọ́jú báàgì náà. Kì í ṣe nítorí àwọn mẹ́sàn-án.

Kí ẹ sì wá wo ayé. Ìgbà tí ìjọba Shagari tiwa náà lé àwọn ará Gánà ní oṣù kìíní ọdún 1983 la bẹ̀rẹ̀ sí pe àpò alápòótí-apòótí yẹn ní “Ghana-Must-Go”. Òun náà ni mo gbé dání lọ́jọ́ náà láti fi kó ẹrù Ìyá Àgbà. Mo rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

ÈYÍ TÍ MO RÀ

Báàgì tí wọ́n ń gbé lọ ṣọ́ọ̀ṣì ò ní ẹjọ́. Bíbélì àti awò ojú ń bẹ nínú rẹ̀, a mú un. Àpò owó kékeré tí wọ́n ń so mọ́ inú tòbí ò ní ẹjọ́ pẹ̀lú. Ó wá ku ẹyọ kan.

Èmi ni mo rà á. Owó oṣù mi àkọ́kọ́ ni, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà, ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá. N kò tilẹ̀ béèrè kí n tó kọ ọ́ sábẹ́ èyí tí a ó mú.

Ìyá Àgbà ní: “Tà á.”

“Ìyá, èmi ni mo rà á fún yín o.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀ ni?”

“Ó dára. Ṣùgbọ́n bi í léèrè: níbo la jọ lọ rí?”

Mo dákẹ́.

“Awakọ̀ ló gbé e fún mi ní gáréèjì. Mo ní ìwọ náà ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Mo so ó kọ́, mo ní bó o bá dé, a ó jọ gbé e lọ Akẹ̀sán. Títí dòní.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, inú bí mi. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo dúró ti ògiri tó wó. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ebi ni mo fi ara mi pa kí n tó rà á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún méjì náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo wá sí Awẹ́, òkú ló gbé mi wá lẹ́ẹ̀mejèèjì, n kò sì sùn mọ́jú. Báàgì ni mo fi rọ́pò ara mi. Ẹni tí mo sì fi rán an sí mọ̀.

Mo padà wọlé, mo fi ìlà pa ohun tí mo kọ rẹ́. Obìnrin olókìrìkà kan ní Ọ̀yọ́ ra tèmi yẹn ní ẹgbẹ̀rún méjìlá. Nígbà tí mo kó owó dé, Ìyá Àgbà bèèrè pé àpò mélòó ni. Mo ní ọgọ́ta àpò. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ̀ ọ́n: ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn làwọn bàbá wa ń pè ní àpò kan, nígbà tí náírà dé ní 1973, ó di igba náírà. Kí òyìnbó tó dé pàápàá, ọ̀kẹ́ kan ni ọ̀kẹ́ méjì kọ́, ẹgbàá mẹ́wàá owó ẹyọ ló sì kún un. Àpò la fi ń ka owó láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Mo sùn mọ́jú lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, a jọ lọ sí Akẹ̀sán. Ìyá Àgbà gbé báàgì Kùmásí tó fi okùn so, a ra ìpara orúnkún, a jẹ àmàlà. Bí a ti ń bọ̀, mo bi wọ́n pé: “Ìyá, ká ní mo ti wá láti ìgbà yẹn ńkọ́?”

Wọ́n ní: “Mẹ́rin la ò bá mú.”

Mo padà sí Ìbàdàn, mo já tèmi náà sílẹ̀. Mọ́kànlá ni. Mo bi wọ́n léèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ló dáhùn. Èyí tí mo fi ń kó ìwé iṣẹ́, èyí tí ìyá mi fi sìn mí wọ ilé ìwé, àti awọ pupa Ọ̀yọ́. Mo ta ìyókù, mo sì ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún owó ọkọ̀ Awẹ́. Oṣooṣù ni mo ti ṣèlérí. Ẹ bá mi ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Mélòó ló wà lára ìṣó yín, mélòó ló sì lè dáhùn? Ẹ kọ̀wé sí wa.