Aláta tí kò ta ata

Ọṣẹ dúdú kan ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé yìí rà á ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Gánà kan ní Peckham, ní London. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ ni "alata samina". Ọṣẹ ni samina ní èdè Akan. Aláta ńkọ́? Ta ni kò mọ aláta? Ṣùgbọ́n eérú èèpo kòkó àti àdín ni wọ́n fi ń se ọṣẹ yẹn. Ibo ni ata ti wọ̀ ọ́?

Ọ̀rọ̀ náà ì bá má jẹ ẹ́ lọ́kàn bí kì í bá ṣe pé orúkọ yìí kan náà ni wọ́n fi pe bàbá àgbà rẹ̀ ní Kùmásì fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá. Aṣọ ni wọ́n ń tà. Wọn kò ta ata rí, wọn kì í tilẹ̀ fẹ́ jẹ ẹ́ nítorí ọgbẹ́ inú.

Àwọn Àṣáńtì kì í yọ ẹnì kan sọ́tọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ o, Ọ̀fà o, Ìníṣà o, Èjìgbò o, Aláta ni gbogbo wọn. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe nílé ni pé ìdí ata ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ àwọn obìnrin wa lọ́jà. Ó dùn létí. Àmọ́ àdúgbò kan wà ní James Town, ní Àkrà, tí ń jẹ́ Ngleshie Alata. Ìtàn ibẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti ìhà Àlàdá, ní ilẹ̀ Benin òde òní, nígbà tí wọ́n ń kọ́ James Fort ní 1673, ni ó tẹ̀dó síbẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ata kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí, orúkọ ìlú onílùú ni bàbá sì jẹ́ títí wọ́n fi kúrò. Làákàyè akọ̀wé yìí ń fà sí Àlàdá. Ọkàn rẹ̀ kò kúrò nídìí ata.

Bàbá ti dé Kùmásì kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀. Orí ni wọ́n fi ru ọjà lákọ̀ọ́kọ́, láti abúlé oníkòkó kan sí òmíràn, lórí àwìn: bí kòkó bá jáde, kí ẹni tó rajà sanwó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ìsọ̀ ní ọjà ńlá. Owó kan náà ni Gold Coast àti Nàìjíríà ń ná nígbà náà, títí Gánà fi tẹ tirẹ̀ ní 1958. Ṣílè tí bàbá bá pa ní Kùmásì, wọ́n lè fi ra bíríkì ní Ògbómọ̀ṣọ́ láì wá ẹni tí yóò bá wọn ṣẹ́ ẹ.

Òwò ẹbí ni gbogbo ilé ń pè é, ṣùgbọ́n ẹbí kò pa òwò pọ̀. Àbúrò bàbá dé, ó sìn wọ́n láì gba owó oṣù. Nígbà tó yá, wọ́n fún un lọ́jà, ó lọ dá dúró. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Jeremy Eades, tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn Yorùbá àríwá Gánà jáde ní 1993, rí irú rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú: wọ́n jọ dé, wọ́n jọ gbé, olúkúlùkù ń ta tirẹ̀.

Bóyá ẹ̀rù ogún pínpín ni. Nígbà tí ẹjọ́ ogún Dáwódù àti Dánmọ́lé dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní London ní 1962, àwọn adájọ́ òyìnbó ní láti jókòó gbọ́ àlàyé ìdí-igi (kí a pín ogún ní iye ìyàwó) àti orí-ò-jorí (kí a pín in ní iye ọmọ): ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án ni olóògbé ní. Ìdí-igi ni wọ́n fọwọ́ sí. Ilé ṣeé pín bẹ́ẹ̀ tìjà-tìjà. Ìsọ̀ aṣọ kan ṣoṣo ńkọ́, tí ó jẹ́ pé ẹnu oníṣòwò ni gbogbo agbára rẹ̀?

Ti bàbá kò tilẹ̀ dé ibi ogún. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nǹkan bí 100,000 Yorùbá ni ètò ìkànìyàn 1960 ti kà ní Gánà. Ta ni yóò san gbèsè fún ẹni tí ó mọ̀ pé kò ní sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta? Àwọn ajigbèsè kò bú wọn, wọn kò lù wọ́n. Wọ́n kàn ń ka ọjọ́. Nígbà tí ìjọba Ṣàgàrí lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà ní 1983, ó kéré tán àpò kan jogún orúkọ lára rẹ̀: Ghana Must Go.

Ìwé àwìn bàbá ṣì wà nínú àpótí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnì kan tí ń jẹ́ Kofi jẹ wọ́n ní 40 sídì. Gánà gé òdo mẹ́rin kúrò lára owó rẹ̀ ní 2007, nítorí náà bí ọmọ Kofi bá fẹ́ san án lónìí, kò tó ìdajì pẹ́sẹ́wà kan.

Akọ̀wé yìí yẹ èèpo ìwé náà wò dáadáa, torí bàbá fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ wọn síbẹ̀: Alata, Kumasi. Wọn kò fi àmì ohùn sí i.